Ẹyin ẹja àrọ̀ yín ò pa? Ẹ wo omi yín ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì bú ẹni tó ta abẹ́rẹ́ fún yín o. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti gún abo àrọ̀ yín lábẹ́rẹ́ kó lè tú ẹyin, ẹyin jáde dáadáa àmọ́ díẹ̀ ló pa, èyí tó sì pa, ẹ̀yìn wọn wọ́. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn ní Omi-Àdìó, iye tó ná mi, mi ò ní sọ ọ́ fún ìyàwó mi títí dọ̀la.

Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ọgbà wa, mo ra pọ́ńpù, mo ń fa omi ẹ̀ sí táǹkì, ọ̀fẹ́ ni, inú mi ń dùn. Mi ò ro ti àwọn tó ń gbin àgbàdo lókè odò tí wọ́n ń fín atrazine, oògùn apako, tójò bá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ro ti gọ́tà àdúgbò tó ń dà sínú ẹ̀, ọṣẹ, ìtọ̀, gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tí mo la akọ kílò méjì kan, àpò àtọ̀ tó yẹ kó nípọn kó funfun bíi wàrà, ó tín-ín-rín bí okùn bàtà, mo fi bíléèdì gé e, omi lásán ló ń kán. Mo la ìkejì, bákan náà. Ẹ sì mọ̀ pé pípa lèèyàn ń pa akọ àrọ̀ kó tó rí àtọ̀ ẹ̀ gbà!

Ṣé abẹ́rẹ́ tí à ń gún yẹn, ṣebí họ́móònù ni, èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, bíńtín báyìí ló ń mú abo tú ẹyin sílẹ̀. Họ́móònù àti oògùn tó lè da họ́móònù rú, tó ń wọnú omi lójoojúmọ́ ńkọ́? Ní Kánádà, láti 2001 sí 2003, wọ́n da họ́móònù inú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sí adágún kan ní Ontario, gírámù kan tẹ́ ẹ bá pín sí bílíọ̀nù kan, ìpín 5 tàbí 6 péré ló wà nínú lítà omi kan. Akọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà ẹyin tí abo ń ṣe, ẹja kékeré tí wọ́n ń pè ní fathead minnow sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá níbẹ̀.

Mi ò gbé omi tèmi lọ láàbù o, mi ò lè búra pé atrazine ni. Ẹ̀yìn wíwọ́ nìkan gan-an ò tó ẹ̀rí pé omi ló fà á, oúnjẹ tí ò ní fítámì C àti kí ẹ máa fi ọmọ ìyá kan náà gun ara wọn náà ń fà á. Àmọ́ mo gbẹ́ bọ́hóòlù, mo ta àwọn akọ àtijọ́ fún àwọn tó ń ta pẹpẹsúùpù, mo ra ọmọ ẹja tuntun tí mo fi omi bọ́hóòlù tọ́ láti kékeré, torí kékeré ni ara ẹja ti ń yà sí akọ tàbí abo. Ìgbà tí mo tẹ ẹyin wọn jáde, ọjọ́ kejì táǹkì ti dúdú fún ọmọ.

Ẹ̀yin, kàǹga lẹ ń lò àbí odò? Ṣé sákáwéè, kòtò omi ìgbọ̀nsẹ̀, wà nítòsí ẹ̀? Akọ tẹ́ ẹ là kẹ́yìn, báwo ni àtọ̀ ẹ̀ ṣe rí?