Bí ìrora bá lọ, eegun lè má tíì so

Àbúrò mi, mo ti ka ohun tí o kọ. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí o já bọ́ lórí kẹ̀kẹ́, tí eegun abẹ́ ọrùn rẹ lápá òsì kán, tí wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ kọ́ ọrùn ní ilé ìwòsàn, tí wọ́n sì ní kí o padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. O ní ìrora náà ti ń lọ, pé màmá rẹ fẹ́ kí o lọ bá teguntegun, pé o sì ń rí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń padà sójú títì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. O fẹ́ mọ ìgbà tí ìwọ náà lè padà, nítorí kẹ̀kẹ́ lo fi ń lọ síbi iṣẹ́. Irú ẹ̀ ti ṣe èmi náà rí, ní Ìbàdàn níbí, àṣìṣe kan tí mo sì ṣe nínú rẹ̀ gba oṣù mẹ́ta gbáko lọ́wọ́ mi. Ìyẹn ni mo fi jókòó láti dá ọ lóhùn.

Àpẹ́tẹ̀ ni mò ń gbé, Mọ́kọ́lá ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń gba Ìjọkódò bọ́ sí Sángo, kí n tó forí lé Mọ́kọ́lá. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn ní aago méje àárọ̀ yóò mọ ohun tí mò ń wí. Lọ́jọ́ náà, òjò ti rọ̀ mọ́jú, iyanrìn ti ṣàn bo etí títì, gọ́tà tí kò ní ìdérí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Takisí Micra kan tó ń lọ níwájú mi dúró lójijì láti já èrò. Kò yà sí ẹ̀gbẹ́, kò tan iná kankan. Mo ní kí n gba àárín òun àti gọ́tà kọjá, àfi bí èrò ẹ̀yìn ṣe ṣílẹ̀kùn sí mi. Mo fún búrẹ́kì iwájú pọ̀, táyà yọ̀ lórí iyanrìn, èjìká ọ̀tún ni mo fi lu títì. Mo gbọ́ ọ bó ṣe dún. Kí n tó dìde ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti kán.

Eegun abẹ́ ọrùn yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun nìkan ni eegun tó so apá mọ́ àyà. Ìbáà jẹ́ ọwọ́ lo fi tẹlẹ̀ nígbà tí o ń ṣubú, ìbáà jẹ́ èjìká lo fi balẹ̀, orí rẹ̀ ni gbogbo agbára náà ń já sí. Àárín rẹ̀ ló sì máa ń kán jù. Tó bá ti kán, iṣan ọrùn á fa ìdajì tó wà lápá àyà sókè, ìwúwo apá á sì fa ìdajì kejì sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kókó tó yọ lábẹ́ awọ rẹ, tó ń dẹ́rù bà ọ́ yẹn, ti wá. Tèmi ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó ti kéré sí i, kò sì dí mi lọ́wọ́ ohunkóhun. Aṣọ tó gbé apá rẹ yẹn kò di eegun mú o. Ìwúwo apá ló ń bá a gbé, kí ara lè ráyè ṣiṣẹ́. Tí o bá ń bọ́ ọ sọ nù nílé nítorí ooru, eegun tó kán lo gbé ẹrù náà padà fún.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ náà ni aṣọ ń tó fún. Bí orí eegun bá ń ti awọ ara tó fi dán tó sì le gbagidi, bí ọwọ́ bá ń kú tàbí tó tutù, bí mímí bá ń ṣòro fún ọ, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an ni, má dúró de ọ̀sẹ̀ kẹfà. Bí ìdajì méjèèjì bá sì ti gun ara wọn débi tí eegun fi kúrú tó sẹ̀ǹtímítà méjì, ọ̀pọ̀ dókítà á bá ọ sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi súkúrù dè mọ́ eegun. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ ṣe é. Ó tètè padà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n awọ ìsàlẹ̀ ojú abẹ rẹ̀ kò mọ̀ bí èèyàn bá fọwọ́ kàn án, okùn báàgì sì máa ń dùn ún níbi tí irin wà.

Ní ti teguntegun, mi ò ní bú wọn. Wọ́n ti to apá, wọ́n ti to ẹsẹ̀ nílẹ̀ wa kí ilé ìwòsàn tó dé, àwọn àgbàlagbà wa sì ti rí ẹni tí wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìyẹ nítorí rẹ̀, tí òun àti adìyẹ náà jọ ń gbàtọ́jú, tí àwọn méjèèjì sì rìn. Ìyá mi náà ló ní kí n lọ. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta ní ọ̀sẹ̀ kejì. Omi gbígbóná àti òrí ni bàbá náà fi ń wọ́ ọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ kí ó lè wọlé, ìgbà kọ̀ọ̀kan ni mo sì ń gbọ́ tí orí eegun méjèèjì ń ha ara wọn. Ohun tí mo wá lóye ni pé èèyàn lè fi pákó di apá àti ẹsẹ̀ kí ó má mira, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe fẹ́ fi pákó di eegun abẹ́ ọrùn. Bí a bá ń wọ́ ọ, a ń yẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí apá ti ń kọjá, orí ẹ̀dọ̀fóró kò sì jìnnà síbẹ̀. Fi ọ̀wọ̀ sọ fún màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí ó sinmi. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan fún ọ, kí wọ́n máa fún ọ ní ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti wàrà dáadáa, nítorí ara kì í fi afẹ́fẹ́ kọ́ eegun. Bí o bá ń mu sìgá, jọ̀wọ́ jáwọ́. Ó máa ń fa ọwọ́ jíjiná eegun sẹ́yìn.

Wàyí o, ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Mo jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò dùn mí. Mo gbé apá sókè, ó gòkè. Owó ọkọ̀ ti ń mu mí lómi, ó sì ti sú mi láti máa jókòó há ara nínú Micra pẹ̀lú èjìká tí gbogbo èèyàn ń rọ́ lù. Mo bọ́ aṣọ ọrùn sílẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Mo dé Sángo láìsí wàhálà. Ibẹ̀ ni kòtò kan wà tí omi bò, mo rò pé omi lásán ni. Táyà iwájú já sínú rẹ̀, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sì gbá apá mi sókè. Mo mọ̀ ọ́n lára pé eegun náà yẹ̀. Mo jókòó sí etí títì bí ọmọdé, mo sì sunkún.

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò X-ray tuntun, dókítà fi hàn mí. Ó ní láti bí ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ara á ti fi ohun rírọ̀ kan, tó rọ̀ bí etí wa ṣe rọ̀, lẹ orí eegun méjèèjì pọ̀. Tí ìyẹn bá ti dì wọ́n mú, wọn kò ní máa ha ara wọn mọ́, ìrora á sì lọ. Ṣùgbọ́n kò tíì di eegun. Ó tó láti mú kí o sùn, kò tó láti gba kòtò. Nínú àgbàlagbà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá ni kí ó tó so, agbára rẹ̀ pátápátá sì tún ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ìwọ wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta yìí, ibi tí ìrora ti ń lọ, ni ibi tí èmi ti ṣìnà. Wọ́n dá mi padà sínú aṣọ ọrùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Fọ́tò ọ̀sẹ̀ kejìlá kò tíì dára tó. Oṣù kẹrin ni wọ́n tó sọ pé ó ti so, oṣù karùn-ún ni mo tó fojú kan ojú títì.

Nítorí pé apá mi pẹ́ nínú aṣọ, èjìká gan. Mi ò lè dé fìlà, mi ò lè fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn ara mi. Ìyẹn dùn mí ju kíkán eegun lọ, nítorí ǹ bá ti dènà rẹ̀. Láti òní lọ, máa mú apá jáde nínú aṣọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí o na ìgbúnwọ́ kí o sì ká a, kí o pa ọwọ́ dé kí o sì ṣí i. Lẹ́yìn náà, bi dókítà bóyá o lè fi ọwọ́ tó dára ti tábìlì, kí o bẹ̀rẹ̀, kí apá kejì rọ̀ sílẹ̀, kí o sì máa fì í díẹ̀díẹ̀. Má gbé e ga ju èjìká lọ títí wọn yóò fi sọ fún ọ, má sì gbé garawa omi. Ní òru, fi ìrọ̀rí mẹ́ta tì ara rẹ lẹ́yìn kí o sùn ní ìjókòó. Bí o bá ń wọ aṣọ, apá tó ń dùn ọ́ ni kó kọ́kọ́ wọlé, tí o bá ń bọ́ ọ, kó kẹ́yìn. Búbá gbígbòòrò gbà mí lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀.

Àwọn eléré kẹ̀kẹ́ tí o ń wò yẹn, òótọ́ ni. Eegun yìí kán lára Lance Armstrong, eléré kẹ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà, ní Sípéènì ní oṣù kẹta ọdún 2009, ó sì wà nínú Giro d'Italia, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Ítálì, ní oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi irin àti súkúrù dè é, ó ní ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, ọ̀nà tó sì ń gùn kò ní kòtò Sángo. Mark Cavendish, eléré kẹ̀kẹ́ ará Bìrìtéènì, ni mo máa ń rò ní tèmi. Tirẹ̀ kán nínú Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, ti ọdún 2023, ní ìpele kẹjọ, ó sì lọ sílé. Ọdún kejì ló padà wá, tó sì gba ìpele karùndínlógójì rẹ̀, èyí tó fi borí iye tí Eddy Merckx, eléré kẹ̀kẹ́ ìgbà àtijọ́, ti gbà. Ọdún kan ló fi wà láàárín.

Bí mo ṣe padà nìyí. Mo ní kí wẹ́dà àdúgbò ṣe ìdúró onírin kan tó gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, mo ń wa pẹ́dà nínú ilé láìfi ọwọ́ tì, kí ẹsẹ̀ má bàa gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní eegun ti so, mo ń ti ògiri pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, lẹ́yìn náà tábìlì, lẹ́yìn náà ilẹ̀. Ọjọ́ tí mo lè ti ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí ìrora, tí mo lè yí orí wo ẹ̀yìn, tí mo sì lè fún búrẹ́kì méjèèjì pọ̀ tagbára tagbára, ni mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sínú Yunifásítì Ìbàdàn láàárọ̀ Sunday, níbi tí ọ̀nà ti dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sókè kí ìwúwo mi má bàa wà lórí apá, mo dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí mo rí ló ń mú kí ọwọ́ mi gbọ̀n, ó sì tó oṣù méjì kí ó tó lọ.

O ráhùn pé àwọn onímọ́tò kì í wò wá bí èèyàn. Ìyẹn náà ń dùn mí. Wọ́n á fọn fèrè létí rẹ bí ẹni pé o jí ọ̀nà wọn, fọganáísà kò ní ní orí pọ́ǹpù tó bá ẹnu túùbù rẹ mu, máígádì ọ́fíìsì kò ní jẹ́ kí o gbé kẹ̀kẹ́ wọlé, àwọn ará àdúgbò á sì bi ọ́ bóyá owó ọkọ̀ ni kò sí. Mi ò rí ìdáhùn sí gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni pé mi ò gba àárín ọkọ̀ àti gọ́tà kọjá mọ́ láé. Bí Micra bá dúró níwájú mi, èmi náà dúró. Mo fi àyè tó gbígbòòrò bí ilẹ̀kùn sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá wà ní ìdúró, bí wọ́n bá ń fọn fèrè lẹ́yìn mi, kí wọ́n máa fọn ọ́n. Omi tí mi ò bá mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ kí n fi ẹsẹ̀ kọjá.

Bí o bá ya fọ́tò ọ̀sẹ̀ kẹfà, bi dókítà bóyá eegun tuntun ti kọjá àlàfo náà láti ìhà kan dé ìhà kejì. Má fi bóyá ó ń dùn ọ́ tàbí kò dùn ọ́ ṣe ìdájọ́. Sọ ohun tó bá sọ fún mi, ká lè jọ ṣírò ìgbà tí kẹ̀kẹ́ yóò tún jáde.