Ìyẹ̀fun ń dí páìpù wa: ṣé ìmọ́lẹ̀ lè fi inú rẹ̀ hàn?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyẹ̀fun gbágùúdá là ń ṣe ní Kàbbà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń gbé e gba inú páìpù kọjá, àmọ́ ó máa ń dí ní ẹ́líbò, ìyẹn ibi tí páìpù ti tẹ̀. Wọ́n ní àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán inú páìpù. Ṣé ó lè bá wa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin náà. Ohun tí wọ́n sọ fún yín wà lóòótọ́. Optical tomography ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ibi tó ń dùn yín gan-an ni ojú rẹ̀ kò tó.

Wọ́n á to iná LED kéékèèké yí páìpù ká, wọ́n á to ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ sí òdìkejì. Ìtànṣán tó bá pàdé ìyẹ̀fun á dín kù kó tó dé ibi tó ń lọ. Ìtànṣán kan ṣoṣo kò lè sọ ibi tí ìyẹ̀fun pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n bí ìtànṣán púpọ̀ bá ti ọ̀nà púpọ̀ gba ara wọn kọjá, kọ̀ǹpútà á ṣírò ibẹ̀. Ìṣirò tí Johann Radon gbé jáde ní 1917 ló wà nídìí rẹ̀, òun náà ló wà nídìí ẹ̀rọ CT tó ń ya àwòrán inú ara ní ọsibítù. Ẹ ò ní rí hóró kọ̀ọ̀kan o. Ibi tó ki àti ibi tó fúyẹ́ lẹ máa rí.

Bí ẹ bá to irú rẹ̀ sí ojú méjì, ẹ ó mọ eré tí ìyẹ̀fun ń sá. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 10 ló wà láàárín wọn, tí ìṣùpọ̀ kan náà sì dé èkejì lẹ́yìn ìdá 5 nínú 1,000 sẹ́kọ́ńdì: mítà 20 ní sẹ́kọ́ńdì kan nìyẹn.

Níbi tí ìyẹ̀fun bá ti ṣù pọ̀, ìmọ́lẹ̀ ò ní kọjá, dúdú lásán lẹ máa rí. Páìpù gbọọrọ tó ṣáájú ẹ́líbò ló yẹ ẹ́. Gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ páìpù náà á máa dọ̀tí, àfi kí afẹ́fẹ́ mímọ́ máa fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wáyà tàbí iná kankan wọ inú páìpù yẹn: eruku ìyẹ̀fun tó bá dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ lè gbiná, kó sì bú gbàù.

Ní tèmi, mi ò ní kí ẹ rà á báyìí. Ilé iṣẹ́ ńlá, irú ti sìmẹ́ǹtì Ọbàjànà, ló lè rí èrè owó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi géèjì afẹ́fẹ́ kan síwájú ẹ́líbò, ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá ń ga sí i, ó ti ń dí nìyẹn. Ẹ dín ohun tí ẹ ń dà sí i kù lójú ẹsẹ̀. Kẹ́ ẹ wá wo fáànù: bí afẹ́fẹ́ bá lọ́ra jù, ìyẹ̀fun á máa já sílẹ̀ nínú páìpù tó dùbúlẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fún omi gbágùúdá náà dáadáa kó tó wọlé, torí èyí tó bá tutù ló máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ́líbò.