Owó Sójà Bọ́mà ní Lọ́ńdọ̀nù: Ẹ Má San Kọ́bọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Agbẹjọ́rò. Bàbá tó bí bàbá mi ja ogun Hítílà ní Bọ́mà, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ akọni, Burma Star (ìràwọ̀ Bọ́mà). Ọkùnrin kan ní ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya owó sọ́tọ̀ fún ọmọ-ọmọ irú akọni bẹ́ẹ̀. Ó ní ká san ₦85,000 fún fọ́ọ̀mù, ká kó BVN wa àti ìràwọ̀ náà wá. Ìyá àgbà, opó bàbá, tó ti ń sún mọ́ ẹni 90 ọdún, ló ń tọ́jú ìràwọ̀ náà. Kí la máa ṣe kí ẹ̀tọ́ bàbá má ṣòfò, kí orúkọ rẹ̀ má sì parun? — Olùkàwé, Ọ̀wọ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án. Ẹ má fún un ní BVN. Ìràwọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kúrò nílé: wọn kì í kọ orúkọ sára irú èyí tí wọ́n fún àwọn sójà wa, bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò sí ohun tí ẹ máa fi jẹ́rìí pé ti bàbá ni. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, inú sì ń bí mi, torí àwọn arúgbó ni wọ́n ń fi jìbìtì yìí rẹ́ jẹ.

Burma Star kì í ṣe àmì akọni. Sójà tó bá ti ṣiṣẹ́ ogun ní Bọ́mà láàárín Oṣù Kejìlá 1941 sí Oṣù Kẹsàn-án 1945 ló tọ́ sí. Ìyẹn kò bu bàbá kù. Ẹni tó la igbó Arakan ní Bọ́mà já ti ṣe gudugudu méje. Bó bá tún gba ti akọni, bíi Military Medal, orúkọ rẹ̀ á wà létí àmì náà, á sì wà nínú London Gazette, ìwé ìkéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ lè yẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá a lóríṣiríṣi sípẹ́lì, torí bí orúkọ wa ṣe dún létí akọ̀wé ló ṣe ń kọ ọ́, wọn a sì máa fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ bàbá ẹni.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Àmì ogun kì í bí owó fún ọmọ-ọmọ. Owó ìdágbére sójà, wọ́n ti san án lẹ́yìn ogun, ìyànjẹ sì wà nínú rẹ̀: ìwé àtijọ́ tí ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2019 fi hàn pé ti sójà funfun lè tó ìlọ́po mẹ́ta ti dúdú tí ipò wọn dọ́gba. Àwọn olóṣèlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè fún ìwádìí. Wọ́n béèrè ni, ẹnikẹ́ni kò gbé owó ọmọ-ọmọ kalẹ̀. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni àwọn gbájú-ẹ̀ fi ń ṣọdẹ. Òfin 2006 lórí jìbìtì owó ìṣáájú de ọkùnrin yẹn. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lé ọlọ́pàá tàbí EFCC lọ́wọ́.

Ẹni tó yẹ ká máa sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sì kọjá lára rẹ̀. Ìyá àgbà ńkọ́? Ẹgbẹ́ Royal Commonwealth Ex-Services League, tó ti wà láti 1921, ń ṣèrànwọ́ fún àwọn tó ṣiṣẹ́ sójà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì kí ìlú wọn tó gba òmìnira, àti opó wọn, bí wọn kò bá rí jẹ. Ìrànlọ́wọ́ ni, kì í ṣe ogún, kò sì kan ọmọ-ọmọ. Ẹ bá ìyá lọ sọ́dọ̀ Nigerian Legion, ẹgbẹ́ àwọn sójà àtijọ́, ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ mú ìwé ìdásílẹ̀ bàbá kúrò nínú iṣẹ́ sójà dání, fọ́tò rẹ̀, NIN ìyá, àti ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ lórí ìgbéyàwó wọn, torí ìgbéyàwó ayé ìgbà yẹn kì í sábà ní sàtífíkéètì. Mi ò ṣèlérí o. Àwọn ló máa yẹ̀ ẹ́ wò, èmi kò sì tíì rí ìwé yín.

Ní ti orúkọ bàbá, ẹ wo èjìká rẹ̀ nínú fọ́tò. Aláǹtakùn ni àmì Dífísọ́ọ̀nù 81, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun méjì tí àwọn sójà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà ní Bọ́mà; ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn pẹ̀lú òṣùká ni ti 82. Ní Emùré-Ilé tí kò jìnnà sí yín, Isaac Fadoyebo gbọgbẹ́ ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà lọ́dún 1944, àwọn ará abúlé ibẹ̀ sì fi í pa mọ́ fún àwọn Jàpáàn fún oṣù mẹ́sàn-án. A mọ̀ ọ́n lónìí torí pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn náà sílẹ̀. Ẹ gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí: orúkọ tí bàbá fi wọṣẹ́, ibi tó ti wọ̀ ọ́, ohun tó sọ nígbà tó dé. Ẹ wá nọ́ńbà sójà rẹ̀ nínú ìwé ìdásílẹ̀, torí Òjó àti Àjàyí pọ̀ nínú ìwé wọn ju kí orúkọ nìkan tó láti fi dá a mọ̀ lọ.