Ṣé kí a fi POP sí ilé bàbá wa kí a tó tà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni bàbá wa fi sílẹ̀ ní Ìgbógbó, ní Ìkòròdú. Àwa mẹ́rin la jẹ́ ọmọ, a sì ti fẹnu kò pé ká tà á. Ajẹ́ńtì kan ní bí a bá fi POP sí àjà, tí a lẹ táìsì tuntun sí pálọ̀, tí a sì yá àga olówó ńlá sínú rẹ̀ fún ojú àwọn tó ń bọ̀ wá wò ó, owó rẹ̀ á gbéra. ₦2,000,000 péré la rí dá jọ. Ìsàlẹ̀ ògiri yàrá méjì ń bó, àmì omi wà lára àjà, bàbá sì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri iwájú pé ilé náà kì í ṣe títà. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ kejì, Ìgbógbó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ọlọ́run á tu gbogbo yín nínú.

Ẹ jẹ́ kí POP sinmi ná. Ògiri ń bó nísàlẹ̀, omi ti ta sí àjà, wọ́n wá ní kí ẹ lọ fi táìsì dán pálọ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú èèyàn lọ wo ilé láti Ọ̀gọ̀lọ́ńtọ́ títí dé Ìjẹ̀dé, ohun kan náà ló sì ń ba gbogbo wọn lẹ́rù: omi. Omi òkè, omi ìsàlẹ̀, omi ojú títì, omi inú ẹ̀rọ.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe tí ajẹ́ńtì yín fẹ́ kí ẹ ṣe yìí rí. Ilé kan ni, ní Òwútù. A kùn ún, ó ń dán gbinrin. Ọkùnrin tó fẹ́ rà á mú ìyá rẹ̀ dání. Ìyá yìí ò tilẹ̀ gbójú sókè wo àjà. Ó wọ kíṣìnnì, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì, ó ti orí bọ ibẹ̀, ó gbóòórùn. Ó bọ́ sí yàrá, ó fi èékánná àtàǹpàkò họ ìsàlẹ̀ ògiri tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀dà tuntun wa sì ṣí bí èèpo ẹyin sísè. Kò bá mi sọ nǹkan kan. Obìnrin tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà ló lọ bá: "Ìyá oníbejì, ṣé omi máa ń wọlé níbí?" Ọjọ́ yẹn ni ọjà náà kú.

Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ògiri ni kí owó yín kọ́kọ́ lọ. Omi inú ilẹ̀ ló ń gun búlọ́ọ̀kù bọ̀ wá sókè, bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Tí omi náà bá gbẹ lójú ògiri, á fi iyọ̀ funfun sílẹ̀, iyọ̀ yìí ló sì ń ti ọ̀dà jáde. Kò sí ọ̀dà tó lè dá a dúró, bó ti wù kó wọ́n tó. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ kọ́kọ́ yí ilé po lóde. Lọ́pọ̀ ilé àtijọ́, erùpẹ̀ tí wọ́n ń kó dà sọ́gbà lọ́dọọdún ti ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ, tàbí kí omi òrùlé máa dà sí ẹsẹ̀ ògiri gan-an. Ẹ jẹ́ kí lébìrà gbẹ́ erùpẹ̀ náà kúrò títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé, kí ẹ sì wá ọ̀nà fún omi òrùlé kó gba ibòmíràn lọ. Owó kékeré ni, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ jù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni bíríkìlà á wá gbẹ́ ìrẹ́lé àtijọ́ kúrò kọjá ibi tí omi gùn dé, kó fi yanrìn tó mọ́, tí kì í ṣe ti etí ọ̀sà, àti sìmẹ́ǹtì tí wọ́n po oògùn adènà-omi mọ́, rẹ́ ẹ lọ́tun. Mi ò ní tàn yín: bí wọn ò bá ti dínà omi nígbà ìpìlẹ̀, èyí ò ní wo àìsàn náà sàn pátápátá. Bí ẹni tó fẹ́ rà bá béèrè, ẹ sọ ohun tí ẹ ṣe fún un gẹ́lẹ́.

Ẹ má kánjú kùn ún. Ìrẹ́lé tuntun ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó gba ọ̀dà, tó bá jẹ́ ìgbà òjò ó lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ gé ọ̀rá tó fẹ̀ tó ojú ìwé kan, ẹ fi tépù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́ ògiri kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ìrì lójú ọ̀rá náà ní ìhà tó kọ sí ògiri, omi ṣì wà níbẹ̀.

Ti àjà rọrùn jù. Kí káfíńtà tó mọ òrùlé gun inú àjà lọ́sàn-án láìtan iná. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ wọlé, páánù ti lu níbẹ̀, ìdí ìṣó ló sì sábà máa ń jẹ́. Omi lè rìn lórí igi kó tó kán, torí náà ibi tí àmì wà lè má ṣe ibi tó ti wọlé. Tí wọ́n bá dí i tán, ẹ má fi ọ̀dà olómi nìkan bo àmì náà, á tún yọ. Ọ̀dà elépo, irú èyí tí a ń fi kẹrosíìnì pò, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi pa á.

Ẹ lọ wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì báyìí. Ọ̀pọ̀ bóhóòlù lágbègbè wa ló ń fa omi tó ní irin. Á mọ́ lóló nígbà tó bá ń jáde, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á pọ́n rúsúrúsú, á sì fi ìlà pupa sínú àwo. Àwọn èèyàn á da Hypo, omi tí a fi ń bó aṣọ funfun, lé e lórí. Hypo kì í bó àwọ̀ irin, ńṣe ló ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ọn sí i. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí ẹ fi pa á fún wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí òun àti Hypo pàdé nínú àwo kan náà láé, èéfín tó ń ti ibẹ̀ jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fọ táǹkì náà pẹ̀lú.

Bí owó bá ṣẹ́kù, ẹ kun ilé ní àwọ̀ kan ṣoṣo tó mọ́lẹ̀, ẹ pààrọ̀ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tó ti ya, ẹ kó gọ́tà iwájú ilé. Àga olówó ńlá ò pọn dandan, ẹni tó ń ra ilé ní Ìgbógbó mọ̀ pé àga náà ò bá ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo ẹrù jáde o, yàrá tó ṣófo pátá máa ń dà bíi pé ó kéré. Ẹ fi bẹ́ẹ̀dì kan sílẹ̀ ní yàrá tó tóbi jù, kí èèyàn lè fojú wọn ibi tí tirẹ̀ á gbà, kí ẹ sì fi àga mélòó kan sí pálọ̀. Fíríìjì tó ti kú, jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, korobá ọ̀dà, gbogbo wọn ni kó lọ. Fọ́tò bàbá àti kàlẹ́ńdà ìsìnkú ńkọ́? Mo mọ̀ pé ó ń dunni. Ẹ gbé wọn lọ sílé àkọ́bí.

Ẹ ò sọ ibi tí ẹ sin bàbá sí. Bó bá jẹ́ inú ọgbà náà ni, ẹ má fi táìsì bo sàárè kí ẹ sì dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín, kí ẹnikẹ́ni tó dúnàá-dúrà.

Ẹ ní ẹ̀yin mẹ́rin ti fẹnu kò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Bí bàbá kò bá ṣe ìwé ìhágún, tó jẹ́ pé àṣà ìbílẹ̀ la fi jogún, ilé ẹbí ni. Bí ẹnì kan bá tà á tí olórí ẹbí ò sí níbẹ̀, títà náà ò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi ti àwọn yòókù tó nítumọ̀ nínú ẹbí ṣe, wọ́n lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Lọ́yà yín á tún ṣàlàyé ìwé àṣẹ tí ilé ẹjọ́ gíga ń fún àwọn tó ń ṣàkóso ogún. Ẹ kó sọ́fè (ìwé àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀n), rìsíìtì ilẹ̀, ìwé àṣẹ ìkọ́lé, owó orí ilé àti bíìlì iná sínú fáìlì kan, ẹ̀dà nìkan ni kí ẹ máa fi han èèyàn. Lọ́yà ẹni tó ń rà á á lọ yẹ ìwé náà wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba Èkó ní Aláúsá. Bí ilẹ̀ náà bá sì ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ní àṣẹ gómìnà gbọ́dọ̀ wà lórí títà rẹ̀.

Ní ti ohun tí bàbá kọ sára ògiri, òun ni kí ẹ pa rẹ́ kẹ́yìn. Ilé tó ṣófo, tí oníṣẹ́ ọwọ́ ń wọlé tó ń jáde, tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tà, irú rẹ̀ làwọn 419 ń wá láti fi gba owó lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, tí ìwé á sì pé. Nígbà tó bá ku bí ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ máa ya fọ́tò, kí akunlé wá fi ọ̀dà elépo yẹn pa á kó tó fi funfun lé e. Ọ̀dà pupa kì í tètè gbà pé wọ́n ti bo òun.