Kí o tó gún eku lábẹ́rẹ́ nítorí ìwádìí

Àbúrò mi, o béèrè bóyá ìwà ìkà ni kí o fi eku funfun dán ewé ewúro wò fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ lórí ìtọ̀ ṣúgà, nítorí pé ìyá rẹ ní inú Ọlọ́run kò dùn sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi tọ́jú ẹran ìwádìí níbí ní Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ kí o ka ọ̀rọ̀ ìyá rẹ sí.

N kò sọ pé kí a má lò wọ́n rárá. Insulin, èròjà tí ó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ tí àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà ń gún lónìí, ara ajá ni àwọn olùwádìí Banting àti Best ti kọ́kọ́ rí agbára rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, ní ọdún 1921, kí wọ́n tó gún un fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14 tí àìsàn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, ní oṣù kìíní ọdún 1922. Ìyà tí ẹran jẹ lásán ni ó máa ń dùn mí. Àwọn tí ó ti dán ewúro wò lára eku ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ pọ̀ gidigidi. Bí tìrẹ kò bá ní fi ohun tuntun kún ohun tí wọ́n ti rí, ìyá rẹ jàre, kí o sì wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Bí ó bá ní ohun tuntun nínú, mọ ohun tí o fẹ́ ṣe. Alloxan, kẹ́míkà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń fa ìtọ̀ ṣúgà sí eku lára, máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó ń pèsè insulin, bí wọ́n sì ti ń kú ni insulin inú wọn ń tú jáde, tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò sì já wálẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Òru ni èyí sábà máa ń bọ́ sí, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lọ sílé. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn ní àárọ̀ bá àwọn eku tí gìrì ti pa, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò gbé omi glúkóòsì síwájú wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé pé oògùn ni ó pa wọ́n, wọ́n sì ra eku mìíràn.

Àwọn tí ó bá yè é yóò máa mu omi ní àmujù, wọn yóò sì máa tọ̀ títí lẹ́búlẹ́bú pákó inú àgò yóò fi rin gbingbin kí ilẹ̀ tó mọ́. Nínú ooru oṣù kẹta wa yìí, tí iná bá tún lọ, òórùn ìtọ̀ náà a máa ba èémí wọn jẹ́, o kò sì ní mọ̀ mọ́ bóyá ewúro ni ó ṣiṣẹ́ tàbí ìnira ni ó yí ẹ̀jẹ̀ wọn padà.

Eku kì í sábà ké bí ajá tí ara bá ń ro ó. Wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ó bá ká kò, irun rẹ̀ bí ó bá dìde, àti ohun pupa tí ó máa ń yí ojú àti imú rẹ̀ ká, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀jẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ omi ojú ni, ìnira sì ni ó máa ń mú un pọ̀.

Kọ gbogbo èyí sínú ìwé tí o máa gbé lọ fún ìgbìmọ̀ tí ń yẹ ìwádìí wò, kí o sì kọ ẹni tí yóò wà pẹ̀lú wọn ní òru ọjọ́ abẹ́rẹ́ náà sí i. Bí kò bá sí ẹni bẹ́ẹ̀, sún ọjọ́ náà síwájú.