A ò ní mọ́tò: ṣé a lè kó àwọn ọmọ lọ pàgọ́ nínú igbó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ fẹsẹ̀ rìn nínú igbó ní òpin ọ̀sẹ̀. A fẹ́ gbé ẹrù wa sẹ́yìn, ká sun inú àgọ́ lálẹ́ Sátidé, ká sì padà sílé ní Sọ́ńdè. Ọmọ ọdún 9 ni ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún 6 ni àbúrò. A ò ní mọ́tò, bọ́ọ̀sì àti rélùwéè nìkan la lè wọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí ká ní sùúrù dìgbà tá a bá ra mọ́tò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ẹ má wulẹ̀ dúró de mọ́tò. Iṣẹ́ mi ni láti máa mú àwọn òbí àtàwọn ọmọ wọn rìn nínú igbó àti lórí òkè, ẹni tó bá sì wọ ọkọ̀ èrò débẹ̀ ní àǹfààní kan tí onímọ́tò ò ní. Onímọ́tò gbọ́dọ̀ rìn yí po títí táá fi padà síbi tó páàkì sí. Ẹ̀yin lè sọ̀ níbì kan, kẹ́ ẹ gba inú igbó já, kẹ́ ẹ sì wọkọ̀ níbi tẹ́ ẹ bá jáde sí.

Ibi tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀ sí ló máa pinnu bí ìrìn náà ṣe máa rí. Níbi tí ọkọ̀ ti wọ́n ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀ ni kẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí. Láàárọ̀ Sátidé, bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó ń lọ sétí igbó ò lè dà yín láàmú, torí ẹ ti mọ aago tó ń gbéra, ẹ̀yin lẹ sì máa dúró dè é. Sọ́ńdè ló le. Ẹsẹ̀ á ti máa ro ọmọ, àgọ́ tí ìrì pa lè pẹ́ kó tó gbẹ, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé aago báyìí la máa jáde. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń dúró dè yín lọ́hùn-ún, ẹ máa fọwọ́ fa ọmọ sáré ni. Àmọ́ tó bá jẹ́ ibùdó rélùwéè tí ọkọ̀ ń yà ní wákàtí wákàtí, ẹ lè jókòó kí ọmọ sinmi, kò séwu.

Ẹ wo àkókò ọkọ̀ ti Sọ́ńdè gan-an, torí ó sábà máa ń dín sí ti àárín ọ̀sẹ̀, àwọn ọkọ̀ kan sì wà tó jẹ́ ìgbà kan láàárín ọdún nìkan ni wọ́n ń ná ọ̀nà igbó. Ẹ kọ aago ọkọ̀ tó kẹ́yìn sínú ìwé, torí iná fóònù lè tán. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣètò bíi pé ọkọ̀ tó ṣáájú ẹ̀ ni ìkẹyìn.

Ó ku bí ọ̀nà ṣe máa gùn tó. Lọ́dún 1892, ará Scotland kan tó máa ń gun òkè, William Naismith, gbé ìṣirò kan kalẹ̀ táwọn èèyàn ṣì ń lò: wákàtí kan fún nǹkan bíi kìlómítà 5, àti wákàtí kan sí i fún mítà 600 téèyàn bá gùn lókè. Àgbà tára ẹ̀ le ló wà fún. Tí ọmọdé bá wà níbẹ̀, èmi máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Tí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 8, tí òkè ibẹ̀ sì jẹ́ mítà 300, ìṣirò Naismith á sọ pé ó lé díẹ̀ ní wákàtí 2. Ẹ fi wákàtí 4 àti ààbọ̀ sílẹ̀ fún un. Ọmọ ọdún 6 á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo àwọn èèrà tó ń sọdá ọ̀nà, á bi yín níbi tí wọ́n ń lọ, á tún fẹ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹ jẹ́ kó wò wọ́n. Torí ẹ̀ lẹ ṣe mú un wá. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kìlómítà 6 ní Sátidé àti 4 ní Sọ́ńdè ti tó. Kó ku wákàtí 2 kílẹ̀ tó ṣú kẹ́ ẹ dé ibi àgọ́, kó sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti gba èèyàn láyè láti pàgọ́, tí kò jìnnà sí títì, bí ara ọmọ ò bá yá lóru.

Ẹrù ọmọ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ. Ọmọ tó wọn kílò 20, kílò 2 ni tiẹ̀: aṣọ òru, tọ́ọ̀ṣì, fèrè àti omi díẹ̀. Tiyín lè tó ìdá kan nínú márùn-ún. Kí ọ̀kan gbé aṣọ àgọ́, kí èkejì gbé àwọn ọ̀pá ẹ̀. Ẹ de bẹ́líìtì àpò lé egungun ìbàdí, kí ìbàdí gbé ẹrù náà, kì í ṣe èjìká. Lítà omi kan, kílò kan ni, torí náà ẹ wá ọ̀nà tí omi wà. Omi odò gbọ́dọ̀ hó yaya fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó mu ún. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá mítà 2,000 lókè, kó jẹ́ ìṣẹ́jú 3.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọkọ̀ èrò bóyá wọ́n ń gba agolo gáàsì tẹ́ ẹ máa fi dáná níbi àgọ́. Ẹ má so nǹkan kan rọ̀ mára àpò, ó máa ń kọ́ ilẹ̀kùn àti àga. Kí àgbà kan kọ́kọ́ wọlé, kí àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, kí àgbà kejì kẹ́yìn.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ bá àwọn ọmọ sọ èyí títí wọ́n á fi lè sọ ọ́ padà fún yín: tí ọkọ̀ bá gbéra, tí ọmọ sì ṣẹ́ kù nílẹ̀, kó dúró sójú kan, òbí máa padà wá. Tó bá jẹ́ ọmọ ni ọkọ̀ gbé lọ, kó sọ̀ ní ibùdó tó tẹ̀ lé e, kó má kúrò níbẹ̀. Nínú igbó, ẹni tó bá sọnù dúró ti igi kan, á fọn fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sinmi, á tún fọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ fi ìwé tí nọ́ńbà fóònù yín wà sápò aṣọ ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún di aṣọ gbígbẹ àti sálúbàtà ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ má sì tú u títí dọjọ́ Sọ́ńdè. Inú ọkọ̀ èrò lè tutù gan-an fún ọmọ tí aṣọ ẹ̀ ti rin.