Kí ló dé tí àwọn Júù fi ń gbé oúnjẹ fún ara wọn lọ́jọ́ Púrímù?

Ẹnìkan béèrè pé òun rí àwọn Júù lọ́jọ́ Púrímù, àjọ̀dún wọn kan, tí wọ́n ń gbé agbọ̀n oúnjẹ lọ sílé ara wọn, tó fi mọ́ ilé olówó tí kò ṣaláìní nǹkan kan. Ṣé sàráà ni, àbí ìdúpẹ́?

Kì í ṣe sàráà. Sàráà ọjọ́ náà wà lọ́tọ̀. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Ẹ́sítà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Hámánì, ìjòyè àgbà láàfin ọba Páṣíà, ṣẹ́ kèké láti mú ọjọ́ tí wọn yóò pa gbogbo Júù run. Ayaba Ẹ́sítà àti Módékáì tó tọ́ ọ dàgbà sọ ète náà dòfo. Nígbà tó di orí 9, Módékáì kọ̀wé káàkiri pé kí wọ́n máa jẹ àsè lọ́dọọdún, kí wọ́n máa fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí ara wọn, kí wọ́n sì máa ta tálákà lọ́rẹ. Ọjọ́ 14 oṣù Ádárì nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù ni, ó máa ń bọ́ sí Fẹ́búárì tàbí Máàṣì. Ní Jerúsálẹ́mù, ọjọ́ 15 ni wọ́n ń ṣe tiwọn.

Mishloach manot ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Ó kéré tán, oríṣi méjì fún ẹnì kan, ohun tí èèyàn lè jẹ lójú ẹsẹ̀: èso, wáìnì, ẹran sísè, bisikíìtì onígun mẹ́ta tí wọ́n ki irúgbìn pópì tàbí jáàmù sí nínú. Èèyàn ò lè fi aṣọ tàbí owó dípò rẹ̀. Ti àwọn tálákà nìkan ni owó ti ń wọlé: ẹ̀bùn kọ̀ọ̀kan fún tálákà méjì, ó kéré tán. Maimonides, ọ̀mọ̀wé òfin wọn ní ọ̀rúndún 12, ní ó sàn kí èèyàn náwó lórí ti tálákà ju lórí àsè àti agbọ̀n ọ̀rẹ́ lọ.

Kí wá ni ti ilé olówó? Israel Isserlein, ọ̀mọ̀wé òfin Júù ní ọ̀rúndún 15, ní kí gbogbo èèyàn lè rí oúnjẹ àsè jẹ lọ́jọ́ náà ni. Bí agbọ̀n bá sì ń wọ ilé gbogbo, ta ló máa mọ ẹni tí kò ní? Ojú ò ní ti ẹnikẹ́ni. Shlomo Alkabetz, rábì kan ní ọ̀rúndún 16, wo ibòmíràn. Hámánì ti bá ọba sọ̀rọ̀ pé àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n fọ́n káàkiri, tí wọn ò wà pọ̀. Oúnjẹ yìí ni èsì àwọn Júù sí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá gbé agbọ̀n sẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ ká mọ̀ ọ́n ti ṣe ojúṣe rẹ̀ lójú Isserlein, àmọ́ lójú Alkabetz kò tíì ṣe é, torí ìfẹ́ kankan ò tíì wọ àárín wọn. Ti Alkabetz ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Támọ́dì, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àtijọ́ àwọn Júù, pàápàá sọ nípa àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Abaye bar Abin àti Hanina bar Abin, tí wọ́n kàn pààrọ̀ oúnjẹ Púrímù wọn láàárín ara wọn. Ẹ wò ó: kò sẹ́ni tí oúnjẹ rẹ̀ lé, síbẹ̀ ọwọ́ kan ẹnìkejì.

Ìdúpẹ́ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Orúkọ Ọlọ́run ò hàn nínú ìwé Ẹ́sítà lédè Hébérù rárá, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà wọ́n ń fi àdúrà ọpẹ́ kan, Al HaNissim, kún àdúrà wọn àti ọpẹ́ ẹ̀yìn oúnjẹ, wọ́n á dúpẹ́ fún iṣẹ́ ìyanu. Wọn kì í kọ sáàmù ìyìn tí wọ́n máa ń kọ lọ́jọ́ àjọ̀dún yòókù. Támọ́dì ní kíka ìwé Ẹ́sítà fúnra rẹ̀ ni ìyìn ọjọ́ náà.

Tí aládùúgbò yín bá jẹ́ Júù tó sì gbé agbọ̀n wá, ẹ gbà á tayọ̀tayọ̀, ẹ kí i pé "Purim sameach," ìyẹn ni pé ẹ kú ayọ̀ Púrímù. Tí ẹ bá fẹ́ fún òun náà, odindi èso tí ẹ ò tíì gé ló dára jù, torí òfin oúnjẹ wọn le, kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá sè nílé wa ni wọ́n lè jẹ.